Ta Ni Ó Ka Ẹ̀jẹ̀ Wa? Ìtàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Nínú Ìwádìí Ẹ̀jẹ̀ àti Kíndìnrín

Orúkọ orílẹ̀-èdè wa wà nínú ìwé ìṣègùn káàkiri ayé, ní ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè rò ó sí. Bí onímọ̀ kan ní Chicago, ní Kingston tàbí ní Salvador da Bahia bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wò títí dé inú DNA rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: Bénin. Kì í ṣe pé ọmọ náà dé Kútọnu rí. Ohun tí onímọ̀ náà ń sọ ni pé jíìnì àrùn náà gbé àmì kan lára, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè tiwa yìí, tí ó sì bá àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun. Orúkọ kejì tún wà, èyí tí àwọn onímọ̀ jíìnì mọ̀ bí ẹni mowó: YRI. Lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún àwọn Yorùbá tí ó wà ní Ìbàdàn. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ wa ṣe di ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni ti àwọn tí ó kà á. Ta ni wọ́n? Níbo ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà náà, lọ́wọ́ ta ni?

Àwọn baba wa kò ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àrùn náà ní ìwà. Ẹni tí ó fi òní kú, tí ó fi ọ̀la dìde: ìrora a dé, eegun a máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fọ́ ọ, àwọn ẹbí a sọ̀rètí nù, nígbà tí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, aláìsàn a jókòó, a béèrè oúnjẹ. Kò sí ìwé ìṣègùn tí ó ṣàpèjúwe àrùn yìí ní kúkúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ tilẹ̀ rò pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́ ni àrùn yìí pa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ibà, èéyí àti ipá pa ọmọ púpọ̀ pẹ̀lú, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi orúkọ àrùn kan ṣoṣo dí ẹnu gbogbo ìbànújẹ́ àwọn ìyá wa. Àwọn Faransé ń pè é ní drépanocytose, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí dòjé. Ìtàn bí dòjé ṣe wọ inú orúkọ náà ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé ìwòsàn Presbyterian ní Chicago. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Grenada, ẹni 20 ọdún tí ó wá kọ́ ìṣègùn eyín. Ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, mímí sì nira fún un. Ẹni tí ó gbà á kì í ṣe ọ̀gá dókítà bí kò ṣe Ernest Irons, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn náà. Irons ni ó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, òun ni ó tẹjú mọ́ awò, tí ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó gùn, tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, wá wò ó. Wọ́n tọ́jú Noel fún ọdún mélòó kan, ní ọdún 1910 Herrick sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Orúkọ Herrick nìkan ni ó wà lábẹ́ àkọlé. Ti Noel kò sí níbẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan lásán ni wọ́n pè é. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú St. George's títí ó fi kú ní ọdún 1916. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rí àrùn náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń ṣe é. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn òpìtàn tó dá orúkọ méjèèjì padà sí àyè wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ fún àádọ́ta ọdún: ọ̀gá ní orúkọ, ọmọ iṣẹ́ ní ojú àti ọwọ́. Linus Pauling, ọ̀gá nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní California, gbọ́ nípa àrùn náà ní ọdún 1945, ó sì rò ó lọ́kàn pé inú hẹmoglóbìnì gan-an ni àléébù náà wà. Ó gbé iṣẹ́ náà lé ọ̀dọ́ dókítà kan lọ́wọ́, Harvey Itano, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. California ni a bí Itano sí, ṣùgbọ́n nítorí pé ará Jàpáànù ni àwọn òbí rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ti kó o sí àgọ́ ìtìmọ́lé ní ọdún 1942, ní ọdún tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ní yunifásítì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbìnì, tí wọ́n rí i pé ti aláìsàn kì í rìn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ọdún 1949 ni ìwé náà jáde, orúkọ Itano sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ti Pauling. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Itano yìí kan náà bá James Neel kọ ìwé lórí hẹmoglóbìnì mìíràn, èyí tí a ń pè ní C. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ilé C yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àjàṣẹ́ ni ó mọ ohun tí SC túmọ̀ sí.

Ní ọdún 1949 yìí kan náà, Anthony Allison, akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford tí ó dàgbà ní Kẹ́ńyà, ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri Kẹ́ńyà. Ó rí i pé jíìnì náà pọ̀ létí òkun àti létí adágún Victoria, níbi tí ẹ̀fọn pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n lórí òkè. Ó wòye pé ẹni tí ó jogún jíìnì kan ṣoṣo ní ààbò lọ́wọ́ ibà. Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó fi kòkòrò ibà sí ara àwọn ọkùnrin Luo 30 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn: nínú àwọn 15 tí kò ní jíìnì náà, ibà mú 14, nínú àwọn 15 tí ó ní i, méjì péré ni ó mú. Ìmọ̀ tí ó jáde ní ọdún 1954 láti inú iṣẹ́ yìí tóbi. Síbẹ̀ kò sí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí lónìí tí yóò buwọ́ lu irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní wéréwéré, kò sì yẹ kí a máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé inú ìgò ni àwọn ọkùnrin 30 náà wà.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, kí ni àwọn ọmọ tiwa ń kọ́? Ní ọdún 1918 ni ìjọba Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Dahomey lọ síbẹ̀. Émile Derlin Zinsou, tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè wa lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, ẹsẹ̀ wọn sì dé abúlé tí dókítà òyìnbó kò dé. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ dókítà ni ìwé ẹ̀rí wọn sọ wọ́n dà: abẹ́ àṣẹ ọ̀gá òyìnbó ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ìwé náà kò sì fún wọn láǹfààní láti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Faransé. Ìwádìí kò sí lára ohun tí a retí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. Kíkà rẹ̀ di iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ní apá kejì ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889, tí ó yọ Mẹ̀kọ́ kúrò lára Kétu, nǹkan gba ọ̀nà mìíràn. A dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, a sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 1957. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i kedere ní ilẹ̀ Yorùbá pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kíndìnrín kò jìnnà síra. Àwọn ọmọdé ń wá tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí ìtọ̀ wọn kún fún purotéènì tí kò yẹ kí ó jáde. Herbert Gilles àti Ralph Hendrickse tẹ ìwé jáde ní ọdún 1963 pé kòkòrò irú ibà kan, èyí tí ń padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, wà nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Kíndìnrín dà bí asẹ́. Ohun ìjà tí ara ń ṣe láti bá kòkòrò jà a máa so mọ́ èérún kòkòrò náà, wọn a jọ há sínú asẹ́, asẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí ya. Oògùn ibà a pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í rán asẹ́ tí ó ti ya.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Ìbàdàn ni iṣẹ́ Lucio Luzzatto. Ará Ítálì ni, ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1964, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Kò kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí Yúróòpù kí ó tó kà á. Ilé àyẹ̀wò rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń kọ́ bí a ti ń béèrè ìbéèrè. Ní ọdún 1969, òun, Essien Usanga àti Reddy fi ìwé kan hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Àwọn obìnrin kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ oríṣi méjì: òmíràn ní èròjà kan tí à ń pè ní G6PD, òmíràn kò ní i tó. Nígbà tí ibà mú irú obìnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n ka kòkòrò inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí èròjà náà pé ni kòkòrò pọ̀ sí. Ìdáhùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo, kò sí ìdí láti fi ibà sí ara ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi èyí wé ti àwọn ọkùnrin Luo, a ó rí i pé ọgbọ́n àti ìwà lè jọ rìn. Ní ìlú kan náà, Oládìpọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, ẹni tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, padà wálé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1968, ó sì tọ́ àwọn dókítà kíndìnrín tí wọ́n tọ́ àwọn mìíràn. Ó kú ní ọdún 2020.

Báwo wá ni orúkọ Bénin ṣe dé inú jíìnì? Ní ọdún 1984, Josette Pagnier àti Dominique Labie ní Paris, pẹ̀lú Ronald Nagel ní New York àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn láti ibi mélòó kan ní Áfíríkà wò. Jíìnì àrùn náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ó yí i ká nínú DNA yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń jẹ́ Àjàyí, orúkọ kan náà ni. Ìgbà tí a bá béèrè agboolé ni a ó mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ baba kan. Agboolé mẹ́ta ni wọ́n rí, wọ́n sì pè wọ́n ní Bénin, Senegal àti Bantu. Wọ́n parí èrò sí pé àrùn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni a fi gba èyí gbọ́. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, fi DNA tí a kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ pé baba kan ni gbogbo rẹ̀ ní, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ní omi àti koríko. Lójú tèmi, èrò kejì yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ jù. Orúkọ Bénin kò tìtorí rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Orúkọ kì í wo àìsàn. Ọdún 1993 ni iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy: ibùdó ìtọ́jú fún àwọn ọmọ ọwọ́ àti àwọn aboyún tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí oògùn ìyanu níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ìyá bí a ti ń fọwọ́ kan ikùn ọmọ láti mọ̀ bí ọlọ inú rẹ̀ bá wú, wọ́n ń fún ọmọ ní penicillin àti oògùn tí ń dènà ibà, wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀la bí ara ọmọ bá gbóná. Ní ọdún 2003, Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ yìí lórí àwọn ọmọ 236 jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Blood, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ lágbàáyé ń kà: ìrora dínkù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dínkù, àwọn ọmọ ń dàgbà. Kútọnu ni wọ́n ti béèrè ìbéèrè náà, Kútọnu ni wọ́n ti dáhùn rẹ̀. Fún àwọn ọmọ wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Abomey-Calavi, mo rò pé ìwé kékeré yẹn níye lórí ju gbogbo ìgbà tí a pe orúkọ Bénin nínú àwọn ìwé Paris lọ.

Àwọn ọmọ tí a gbà là yìí ń di àgbà, àgbà sì ni kíndìnrín máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Inú lọ́hùn-ún kíndìnrín jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ oxygen kéré, tí iyọ̀ sì pọ̀. Bí ẹni fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì di dòjé ni ibẹ̀ rí. Láti kékeré ni agbára kíndìnrín láti pọn ìtọ̀ ki ti ń bàjẹ́, omi púpọ̀ a máa jáde, ọmọ a máa tọ̀ sílé. Mélòó nínú wọn ni a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí a ti nà nítorí ẹní tí ó tutù, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀? Nígbà tí ó bá yá, asẹ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí jò, títí kíndìnrín fi lè kú pátápátá.

Jíìnì mìíràn sì tún wà tí ń dá kún un. Ní ọdún 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, láti fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 270 ya àwòrán ìyàtọ̀ inú DNA ọmọ aráyé. Yorùbá ni 90 nínú wọn, baba, ìyá àti ọmọ láti ilé 30 ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, Rotimi sì wà lára wọn. A fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a máa pe ẹ̀jẹ̀ náà ní ti Yorùbá ní Ìbàdàn, kí a má ṣe sọ ọ́ di ti gbogbo Yorùbá, áńbọ̀sì ti gbogbo Áfíríkà. Ìlànà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kánjú a máa gbàgbé rẹ̀, ará Sábẹ̀ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè a sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé jíìnì kan tí ń jẹ́ MYH9 ni ó fà á tí àrùn kíndìnrín fi ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ilé aládùúgbò ni wọ́n kàn. Ọdún 2010 ni Giulio Genovese, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rí hàn pé jíìnì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, APOL1, ni ọ̀daràn. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n: ọ̀kan nínú àwọn ìyípadà méjì tí wọ́n rí wà lára bí 40 nínú 100 ẹ̀dà jíìnì náà láàrin àwọn Yorùbá tí a yẹ̀ wò, kò sì sí lára àwọn ará Yúróòpù. Ilé àyẹ̀wò Étienne Pays ní Brussels ti fi hàn ní ọdún 2003 pé APOL1 ni ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń pa kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ìyípadà náà mú ohun ìjà yìí lágbára sí i, gẹ́gẹ́ bí jíìnì dòjé ti ń dènà ibà. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ewu kíndìnrín ń wá bá.

Ní ọdún 2010 kan náà ni a kéde ètò H3Africa, tí owó rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà àti àjọ Wellcome ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ṣiṣẹ́ láti 2012 sí 2022. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ Áfíríkà ni yóò darí ìwádìí, owó kan sì wà fún títọ́ àwọn ọ̀dọ́: oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ lórí kíka DNA pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ìtọ́sọ́nà lọ́dọ̀ àgbà nínú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan nínú rẹ̀ dojú kọ kíndìnrín. Ní ọdún 2024, Rasheed Gbadegesin, Ifeoma Ulasi, Dwomoa Adu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ènìyàn 8,355 ni wọ́n yẹ̀ wò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta wọn tí ó jogún ìyípadà APOL1 lọ́nà méjèèjì. Wọ́n tún rí ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò tíì rí dájú: pé ẹni tí ó jogún ẹyọ kan pàápàá kò bọ́ pátápátá, ewu díẹ̀ wà fún un. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tí ó bá béèrè nílé.

Orílẹ̀-èdè méjì ni àwọn 8,355 náà ti wá, Ghánà àti Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Tógò àti Bénin ni ó wà láàrin méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ará Kétu kò yàtọ̀ sí ti ará Mẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ Kétu fi kọ́ ìṣègùn yàtọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á yàtọ̀, àwọn ìwé tí ń kéde owó ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀dọ́ olùwádìí sì sábà máa ń jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Calavi tí ó gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú Kútọnu ní òwúrọ̀, kí ó sì dé ilé àyẹ̀wò Ìbàdàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.